Kí Àlejò Nu Ẹsẹ̀ Kó Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òṣùpá Ọ̀nà Jíjìn

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan ò tíì san (àwọn tí a ń bá wí mọ ara wọn), bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ojú sánmà ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan àgbààgbà ẹgbẹ́ Yorùbá nínú òṣùpá tó wà níbi tí ẹyẹ kankan ò lè fò dé. Ó kàn wá o. Ẹ ní sùúrù ká ṣàlàyé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sípàdé. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti rán ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Europa Clipper lọ sínú gbalasa òfuurufú ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, pé ó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Jupiter láti wò ó bóyá ibẹ̀ ṣeé gbé fún ohun abẹ̀mí. Owó tí wọ́n ná lé e tó nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ariwo sọ! Àwọn kan ní owó yẹn ì bá ti bọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí ebi ń pa. Àwọn kan ní Ọlọ́run tó dá wa síbí ò ní ká máa wá ẹlòmíì kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó wá da ìpàdé rú gan-an ni pé ọkọ̀ méjì kan ti lọ sọ́nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó rán wọn lọ ló sì mọ̀ọ́mọ̀ pa wọ́n run, kí wọ́n má baà kó kòkòrò ilé ayé ran ohun abẹ̀mí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fojú rí. "Wèrè lèyí," ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wí. Àwa tí a ń darí ẹgbẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe lójú sánmà, ìyẹn wà lára èyí tó bójú mu jù, a sì fẹ́ kí ìjọba wa gbè é lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìwé mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ èyí kà, nítorí náà a ó sọ ọ́ bó ṣe yé wa. Òṣùpá kan ṣoṣo ni ilé ayé ní, ṣùgbọ́n àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńláńlá tó wà lọ́nà jíjìn sí oòrùn ní púpọ̀. Ti Saturn nìkan ti lé ní 270. Oṣù kìíní ọdún 1610 ni bàbá kan tó ń jẹ́ Galileo, ará Ítálì, fi awò awọ̀nà-jíjìn rí òṣùpá mẹ́rin lọ́dọ̀ Jupiter: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé nǹkan kan ò lè wà láàyè nírú ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Ibi tí Jupiter wà sí oòrùn tó ìlọ́po márùn-ún ibi tí àwa wà sí i, Saturn sì tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti 400 mílíọ̀nù kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ọ̀dọ̀ Jupiter ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 25 èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ. Àwa tí a ń wọ súwẹ́tà ní Jos nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn ń làágùn, eré ọmọdé ni òtútù tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Europa, níbi tó ti tó nǹkan bí 160 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Omi orí ilẹ̀ ibẹ̀ le bí òkúta.

Nǹkan méjì ló yí èrò wọn padà, ọdún méjì péré ló sì wà láàárín méjèèjì. Ní 1977, àwọn onímọ̀ wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan tó ń jẹ́ Alvin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú òkun nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, ó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì àbọ̀. Òkùnkùn biribiri ni ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé ibẹ̀. Wọ́n bá omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú àpáta, wọ́n sì bá ekòló ńláńlá, alákàn àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí wọ́n pọ̀ bí èrò ọjà. Kí ni wọ́n ń jẹ? Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń fi kẹ́míkà inú omi náà ṣe oúnjẹ, àwọn ẹ̀dá tó kù sì ń rí jẹ lára ìyẹn. Ẹ̀dá tí kò rí oòrùn rí, tó ń ṣe ayé tirẹ̀ lọ! Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹta ọdún 1979, ọkọ̀ Voyager 1 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter, ó sì rí òkè tó ń tu iná lórí òṣùpá Io. Iná, níbi tí wọ́n ti ń retí òtútù!

Níbo ni iná ti wá débẹ̀? Ẹ mú wáyà kan, ẹ ká a síwá, ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó já, ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ ti ń ká a, ẹ ó rí i pé ó ti gbóná. Bí Jupiter ṣe ń ṣe àwọn òṣùpá rẹ̀ nìyẹn. Agbára tó fi ń fà wọ́n pọ̀ gan-an, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà yí i po ò rí roboto dáadáa, nítorí àwọn òṣùpá náà ń fa ara wọn: bí Europa bá yí Jupiter po lẹ́ẹ̀kan, Io ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Bí òṣùpá bá súnmọ́ Jupiter, Jupiter á fà á le. Bó bá jìnnà díẹ̀, á dẹwọ́. Ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ péré ni Europa fi ń yí i po, kò sì sí ìsinmi, wọ́n kàn ń pò ó bí ẹní ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ooru tó ń tinú ìyẹn wá ni kì í jẹ́ kí omi tó wà nísàlẹ̀ yìnyín rẹ̀ dì.

Ẹ̀rí omi yẹn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ bàbá Galileo ìjọ́sí sọ dé ọ̀dọ̀ Jupiter ní oṣù kejìlá ọdún 1995, irinṣẹ́ tó fi ń wọn agbára òòfà sì fi hàn pé ohun kan wà lábẹ́ yìnyín Europa tó ń gba iná mànàmáná kọjá bí omi iyọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ṣírò rẹ̀ pé yìnyín náà nípọn tó kìlómítà 15 sí 25. Europa kéré díẹ̀ sí òṣùpá tiwa tí à ń wò lálẹ́, síbẹ̀ omi tó wà nínú rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì gbogbo òkun ayé yìí pátá.

Ṣùgbọ́n èyí tó jọ wá lójú jù ni Enceladus, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Saturn. Kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 500 kìlómítà lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Jos lọ sí Èkó ti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní 2005, ọkọ̀ Cassini rí i pé omi ń tú jáde láti ojú ibi mẹ́rin tó ti sán ní apá gúúsù rẹ̀, ó ń fò sókè bí ìgbà tí páìpù omi bá bẹ́. Wọ́n wá darí ọkọ̀ náà gba inú omi tó ń tú yẹn kọjá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tọ́ ọ wò. Ó bá iyọ̀ níbẹ̀. Ní 2017, wọ́n kéde pé ó bá gáàsì hydrogen, tó jẹ́ irú oúnjẹ tí àwọn kòkòrò kan nísàlẹ̀ òkun tiwa ń jẹ. Ní 2023, wọ́n tún kéde pé phosphorus wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú egungun wa, tó sì wà nínú ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń fi owó gegere rà. Omi, ooru, oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀dó síbì kan, kí ló tún ń wá?

Ká má purọ́ o. Títí di bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ohun abẹ̀mí kankan lórí òṣùpá kankan. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù pé wọ́n ti rí ẹja lórí Europa, irọ́ ni, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ohun tí wọ́n ń wá, bó bá tiẹ̀ wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò tín-ín-tín tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló máa lè rí i.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pa. Ọdún 1989 ni Galileo gbéra kúrò láyé. Wọn ò fọ̀ ọ́ mọ́ débi tí gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ á fi kú, torí wọn ò rán an pé kó lọ balẹ̀ sórí òṣùpá kankan. Nígbà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, wọ́n rí i pé bí epo bá tán pátápátá, kò sẹ́ni tó máa lè darí rẹ̀ mọ́, ó sì lè já lu Europa lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, wọ́n darí rẹ̀ sínú Jupiter, ó sì jóná ráúráú. (Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni sàtẹ́láìtì tiwa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àwa ń yọ̀ pé tiwa gbéra, àwọn ń sun tiwọn.) Cassini náà, lẹ́yìn tó ti lo ọdún mẹ́tàlá lọ́dọ̀ Saturn, wọ́n darí rẹ̀ wọ inú Saturn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2017. Plutonium tó ń fún Cassini níná máa ń gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní ó já lu Enceladus, ooru yẹn lè yọ́ yìnyín kó sì ṣí ọ̀nà fún kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ láti bọ́ sínú omi.

Kì í sì í ṣe pé ojora kàn ń mú wọn lórí gbogbo nǹkan. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 2005, wọ́n gúnlẹ̀ sórí Titan, òṣùpá Saturn tó tóbi jù, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Huygens. Odò àti adágún wà lórí Titan, ṣùgbọ́n methane ló wà nínú wọn, òtútù ibẹ̀ sì tó 179 nísàlẹ̀ òdo. Kòkòrò tiwa ò lè gbèrú nírú ibẹ̀. Ibi tó ṣeé wọ̀ ni wọ́n wọ̀, ibi tí ẹ̀rí omi ti pọ̀ ni wọ́n yàgò fún.

Ẹ wò ó, àwa Yorùbá Jos, àlejò ni wá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí, tó sì jẹ́ pé ibí la sin àwọn òbí wa sí. A mọ ohun tí ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ti ná ìlú yìí láti ọdún 2001. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ wọ ilé tí òun ò mọ onílé rẹ̀, ohun tí àwa kọ́kọ́ máa béèrè ni pé: kí lo gbé dání? Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tó ń pa gbogbo ayé nígbà náà dé èbúté Èkó, ojú irin sì ni àrùn náà gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ojú irin yẹn náà ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí ilẹ̀ Hausa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn náà wá. Ẹni tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan dání. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn, torí ẹni tó mọ̀ pé òun ru ẹrù, a lè bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ tún gba ọ̀nà Rayfield lọ, ẹ dé Bukuru, ẹ lọ títí dé Barkin Ladi. Ẹ ó rí àwọn kòtò ńláńlá tí omi kún, tó ń dán lójú oòrùn bí ohun rere. Kùsà tíìnì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ yìí, wọ́n kó tíìnì lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀. Títí di òní, ọmọ ọlọ́mọ ń kú sínú omi yẹn. Àwọn onílẹ̀ ò pè wọ́n, wọn ò sì bi àwọn onílẹ̀ léèrè kí wọ́n tó ki dígà bọlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Plateau, tó sì ń sọ pé kí ni ti ìṣọ́ra nígbà tí a bá ń wọ ilẹ̀ tí a ò dé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ síbẹ̀ kó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó.

Àwọn tí kò fara mọ́ wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu. Èkíní, wọ́n ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ta ló ti lọ wò? Bó bá sì jẹ́ pé ìmọ̀ lásán là ń wá, ìṣọ́ra náà ló tún yẹ. Ọdẹ tó ń wá ojú ẹsẹ̀ ẹran kì í jẹ́ kí ajá ìdílé sáré gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá. Bí wọ́n bá rí kòkòrò kan lórí Enceladus lọ́la, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló gbé e lọ? Bílíọ̀nù dọ́là a wá di owó tí wọ́n fi lọ wá ara wọn rí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó. Ìyẹn ò gba àkókò: epo àwọn ọkọ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó sun wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ti ṣe, Cassini tiẹ̀ ń fi ìròyìn ránṣẹ́ títí tó fi jóná.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá dé egungun. Àgbà kan ló sọ ọ́, a ò sì lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ wa, àwọn tó ń sun ọkọ̀ nítorí kòkòrò, ṣé àwọn tó jọ wọ́n kọ́ ló fi kòtò sílẹ̀ níbí fún ọmọ èèyàn?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kòkòrò tí a ò tíì rí gba ọ̀wọ̀ tí ọmọ Bukuru ò gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti rò ó síwá sẹ́yìn, ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti bàbá náà. Bí èèyàn bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò yẹ kí àlejò ba ilé onílé jẹ́, a ti rí ibi dì í mú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ lọ́run, ká sì fi ẹnu rẹ̀ yẹn náà bi í nípa ti ayé. Bí a bá ní kó gbàgbé ti kòkòrò, kò ní torí ìyẹn padà wá dí kòtò kankan.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ò tó. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1967 lórí gbalasa òfuurufú, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Abala kẹsàn-án rẹ̀ ní kí wọ́n yẹra fún kíkó ohun tó lè ṣèpalára lọ sí àwọn ayé mìíràn. Abala kẹfà ní ìjọba kọ̀ọ̀kan ló máa dáhùn fún ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣe. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní COSPAR wá fi ìwọ̀n sí i: ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Europa tàbí Enceladus, ewu pé kòkòrò ayé kan ṣoṣo á bọ́ sínú omi ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú 10,000 lọ. Ìwọ̀n tó dára ni. Àmọ́ ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, COSPAR ò sì ní ọlọ́pàá. Nígbà tó jẹ́ pé ìjọba méjì mẹ́ta péré ló lè dé ibẹ̀, ìmọ̀ràn lè tó. Lóde òní, àwọn olówó ti ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn; ti ilé-iṣẹ́ aládàáni ni èyí tó gbé Clipper pàápàá gbéra.

Nàìjíríà ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfuurufú, èyí tó ń ṣe ìpàdé ní Vienna. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn aṣojú wa béèrè níbẹ̀ ò pọ̀: kí ìwọ̀n COSPAR yẹn di òfin tó de gbogbo ẹni tó bá ń lọ, ìjọba ni o, aládàáni ni o, kí ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ yìnyín Europa tàbí ti Enceladus kọ́kọ́ fi han gbogbo ayé bó ṣe fọ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kó tó gbéra. Orílẹ̀-èdè tí kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tún lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù, torí àdéhùn yẹn náà ló sọ pé ojú sánmà kì í ṣe ti ẹnì kan.

Àkókò wà, ṣùgbọ́n kò gùn. Oṣù kẹrin ọdún 2030 ni wọ́n ń retí kí Clipper dé ọ̀dọ̀ Jupiter. Kò ní balẹ̀ sórí Europa, yóò kàn máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ní nǹkan bí ìgbà 50, yóò máa wo yìnyín náà bí dókítà ṣe ń fi ẹ̀rọ wo inú aláboyún. Ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù, JUICE, tó gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 2023, yóò dé ní 2031. Èyí tó máa gúnlẹ̀ sórí Europa, tó máa ki irin bọ inú yìnyín rẹ̀, kò tíì kúrò láyé. A ti kọ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí sí àjọ NASRDA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Abuja. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Onílé àti àlejò, Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i lè fọwọ́ sí i títí di ìparí oṣù yìí.